Kásẹ́ẹ̀tì Ìkómọ Tó Wà Lórí Àjà

Ẹ bá mi sún àga yẹn kúrò lójú oòrùn, kí ẹ̀yin náà sún mọ́bí, torí ohùn mi kì í lọ jìnnà mọ́. Ẹ ní kí n wá sọ bí iṣẹ́ fídíò ṣe rí láyé tiwa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ẹ sì ti gbé fóònù yín dúró síwájú mi, gbogbo wọn ń wò mí. Ẹ wo bí ayé ṣe yí. Èmi ni mo máa ń wo àwọn èèyàn nínú kámẹ́rà, tí wọ́n á máa nu òógùn, tí wọ́n á máa tún gèlè wé. Lónìí, èmi ni mo ń ronú bóyá fìlà mi jókòó dáadáa lórí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Láti kékeré, n kì í rí nǹkan kí n má tú ìdí rẹ̀ wò. Bàbá mi ra rédíò kan, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ torí mo fẹ́ mọ ibi tí ọkùnrin tó ń ka ìròyìn ń gbà wọlé. Wọ́n nà mí dáadáa. Mo ní abéèrè kì í ṣìnà, ìyá mi ní ẹni tó ń béèrè a máa fi ẹnu béèrè ni, kì í fi ọ̀bẹ béèrè. Síbẹ̀ n kò jáwọ́. Nígbà tí kámẹ́rà fídíò dé Ìkàrẹ́, mo sáré lọ bá ọ̀gá tó ní in pé kó gbà mí sẹ́nu iṣẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Ráfíù la jọ kọ́ ọ. Ráfíù yìí, ẹ fi í sọ́kàn, ọ̀rọ̀ tí mo ń bọ̀ wá sọ ò ṣeé sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Kámẹ́rà ìgbà náà, orí èjìká la máa ń gbé e lé, ó sì wúwo bí ọmọ tó ti tó rìn tó ní òun ò rìn. Bí ẹ bá ti gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn ilé, ẹ mọ̀ pé àwọn oníkọ́fárééjì, àwa tó ń ya fídíò òde, ti dé nìyẹn. Iná wa ńkọ́? Gílóòbù ńlá kan ni, ó máa ń mọ́lẹ̀ rekete, ó sì máa ń gbóná bí ààrò. Nígbà kan ní Ìkàrẹ́, ẹni tó ń gbé iná náà sún mọ́ bàbá kan tó ń jó, fìlà bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. A ń pariwo pé iná ti ràn mọ́ wọn lórí, bàbá rò pé à ń yìn wọ́n ni, wọ́n túbọ̀ ń kó ijó lé e.

Àwọn àgbà Ọ̀kà ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lọ́dún ìjẹsu, a ó gun òkè lọ láàárín àpáta pẹ̀lú gbogbo ẹrù wa, a ó dojú kámẹ́rà kọ wọ́n, wọ́n á dúró gbagidi, wọ́n á gbé ọwọ́ lé eékún, wọn ò ní í ṣẹ́jú. Onífọ́tò ló ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ráfíù á ní, "Bàbá, ẹ máa rìn, fídíò ni." Bàbá kan dá a lóhùn, ètè wọn ò mì, "Ìwọ ya tìẹ, má jẹ̀ẹ́ kí n mì." A ya àwọn àgbà náà títí, nígbà tí a gbé e sí tẹlifíṣọ̀n, ewúrẹ́ nìkan ló ń rìn níbẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì ńlá la fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tó tóbi bí ìwé Bíbélì. Nígbà tó yá, àwọn kékeré dé, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Kò sí wọn lọ́jà Ìkàrẹ́ nígbà náà. Ẹni tó bá ń lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Èkó la máa ń bẹ̀ pé kó bá wa mú un bọ̀, nítorí náà a kì í fi kásẹ́ẹ̀tì ṣòfò. Ibì kan wà nínú kámẹ́rà tí o ti lè sọ fún un pé kó máa yí tẹ́ẹ̀pù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kásẹ́ẹ̀tì náà á sì gba àwòrán tó ju èyí tí wọ́n ṣe é fún lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń ṣe é, láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà. A ó ya ìkómọ láàárọ̀, a ó ya ìṣílé lọ́sàn-án, inú kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni. A rò pé ọgbọ́n la gbọ́n. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, àwa ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka kan rán fídíò lọ sí òkè òkun, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. A ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, a ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà á máa fa àwòrán náà mu bó ṣe ń lọ. Bí òde náà bá gùn tó ni fífà á ṣe máa gùn tó. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan wáyà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tan fáànù sí i. Ìyàwó mi á gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà, á dúró, á na ọrùn wò mí bóyá kí òun wọlé. Tí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tó ku díẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń jókòó tì í, n kì í lọ, kì í ṣe torí pé ó pọn dandan, ṣùgbọ́n torí pé mo fẹ́ mọ ibi tí ohùn èèyàn ń gbé nígbà tó bá wà nínú wáyà.

Ohun tó máa ń dá wa lágara jù ni kí fáìlì wọlé tán, kí sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣe ẹ́dítìn ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ Àkókó ni yín, kò yẹ kí ìyẹn yà yín lẹ́nu. Níbí, o lè gun ọ̀kadà kúrò nílùú kan, kí o sọ̀ nílùú kejì, kí o má gbọ́ nǹkan tí ìyá tó ń ta iṣu ń sọ. Kì í ṣe pé ìyá náà yadi. Èdè tirẹ̀ ló ń sọ, ìwọ ni kí o wá ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì. Bí fáìlì àti sọ́fítíwíà ṣe rí náà nìyẹn. Fọ́mátì la máa ń pè é, ọ̀rọ̀ náà dún bí orúkọ àìsàn létí mi títí dòní.

Ẹ̀ẹ́n, ibi tí mo ń lọ nìyí. Fúnmi tó jókòó síbẹ̀ yẹn, tó ti ń fi ọwọ́ bojú torí ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, gbogbo yín mọ ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe fídíò lẹ́bàá ọjà Ìkàrẹ́. Nígbà òjò tó kọjá, ó mú obìnrin kan wá bá mi nílé. Aboyún ni, oyún náà ti wọ oṣù rẹ̀. Ṣadé lorúkọ rẹ̀, Ìwàrò Ọ̀kà ló ti wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ṣòro fún un láti dìde, mo ní kó jókòó, kó sọ ohun tó bá wá.

Ó ní, "Bàbá, mo ṣì ń rákò nígbà tí ìyá mi kú. Fọ́tò wọn kan ṣoṣo ló wà nílé. N ò mọ ohùn wọn."

Ó ní ìyá òun kì í ṣe ọmọ Ọ̀kà, inú ọ̀kan nínú àwọn ìlú Àkókó tó ní èdè tirẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Lọ́jọ́ ìkómọ òun, ìyá òun sọ òun ní orúkọ kan ní èdè tirẹ̀, etí òun ló pè é sí. Nílé tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ìyá ló ń pe orúkọ náà sí etí ọmọ rẹ̀, kì í polongo rẹ̀, àwọn tó bá sún mọ́ ọn nìkan ló ń gbọ́ ọ. Àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ò lè fi ahọ́n gbé e, Ṣadé ni gbogbo wọn mú. Ìyá kú, ó gbé orúkọ náà lọ.

Mo ní, "Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Bàbá mi ní àwọn gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ti gbàgbé. Tí mo bá ti bi wọ́n, wọ́n á kàn máa wolẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi náà ti kú." Ó fi ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. "Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ tọmọ mi nígbà tí n ò mọ tèmi?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ó wá tú etí ìró rẹ̀, ó mú kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan jáde. Kó tó dé ọwọ́ mi ni mo ti gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ẹja gbígbẹ ni. Mo ní, "Níbo ni ẹ fi èyí sí?"

Ṣadé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní oníkọ́fárééjì fún wọn ní kékeré yìí àti ẹ̀dà ńlá kan, ṣùgbọ́n èyí ńlá ò pẹ́ nílé. Àwọn ọmọ ilé fa tẹ́ẹ̀pù inú rẹ̀ jáde, wọ́n lọ ta á sórí oko ìrẹsì kí ó máa fi afẹ́fẹ́ ké wìì wìì lé ẹyẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, gbogbo oko agbègbè yìí la fi kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àti ìkómọ ṣọ́ nígbà kan. Ìyá bàbá rẹ̀ rí i, ó sáré mú kékeré tó kù, ó gbé e sórí àjà tó wà lókè ìdáná, láàárín àgbàdo tí wọ́n fẹ́ gbìn àti ẹ̀gúsí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ohun tí wọn ò fẹ́ kí kòkòrò jẹ sí. Ìyá àgbà ò mọ̀ pé kòkòrò kì í jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Ohun tó níye lórí lójú rẹ̀ ló fi pamọ́ síbi tí ó ń fi ohun tó níye lórí pamọ́ sí. Èéfín gbogbo ọbẹ̀ ilé náà ti fín in, láti ìgbà tí Ṣadé ti ń rákò.

Fúnmi ní òun ti yá kámẹ́rà ẹnì kan, òun ti fi í sí i, kò lọ. Mo gbé tèmi jáde. Mo fi òwú àti spírítì nu ojú tẹ́ẹ̀pù àti inú kámẹ́rà, òwú náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo tẹ̀ ẹ́. Àwòrán náà wá, ṣùgbọ́n ó já sí wẹ́wẹ́, onígun mẹ́rin mẹ́rin, ojú ẹnì kan níbí, apá ẹlòmíràn lọ́hùn-ún, ohùn náà ń ṣe kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ bí ẹni tí omi há lọ́nà ọ̀fun. Mo nu ún lẹ́ẹ̀kejì, kò yàtọ̀.

Fúnmi rọra sọ fún mi pé, "Bàbá Fídíò, ó jọ pé ó ti bàjẹ́." Ó rò pé ohùn òun ò dé ọ̀dọ̀ Ṣadé. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Mo tún wo àwòrán náà. Tó bá jẹ́ pé èéfín ló bà á jẹ́, ibì kan ì bá dára ju ibì kan lọ. Èyí fọ́ dọ́gbadọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyẹn ló mú mi béèrè pé, "Ta ló yà á?"

Ṣadé ní, "Bàbá mi ní Ráfíù kan ni."

Ara mi yá gágá. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì náà ò kú. Kámẹ́rà tó bá ń yí tẹ́ẹ̀pù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà, ìlà wínníwínní tó fún mọ́ra ló fi ń kọ àwòrán rẹ̀. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀. Bí ìlà bá fẹ̀, kámẹ́rà mìíràn lè kà á. Bí ó bá ti fún tó bẹ́ẹ̀, àfi ẹni tó kọ ọ́. Ọgbọ́n tí a fi ń tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì níjọ́sí nìyẹn, tó wá dojú kọ wá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wá kámẹ́rà Ráfíù lọ.

Ráfíù ti fi iṣẹ́ fídíò sílẹ̀ tipẹ́, oko ló ń ro ní Ọ̀gbàgì. Èmi àti Fúnmi gun ọ̀kadà lọ, a ní kí Ṣadé jókòó ti ìyàwó mi. A bá Ráfíù lóko, inú rẹ̀ dùn, ó ń ṣe Alihamudulilahi lọ́tùn-ún lósì. Mo bi í pé kámẹ́rà rẹ̀ dà.

Ó ní, "Èwo? Ọlọ́pàá mi?"

Ó mú wa lọ sídìí àká iṣu rẹ̀. Ẹ wá wo kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, lábẹ́ ìbòrí ewé ọ̀pẹ, tí a fi ọ̀rá bò lórí, tí ojú rẹ̀ kọ sí iṣu. Ráfíù ní àwọn olè ti ń yọ òun lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí òun gbé kámẹ́rà síbẹ̀, òun tan án kálẹ̀ lábúlé pé ẹni tó bá fọwọ́ kan iṣu òun, ojú rẹ̀ á hàn káàkiri ayé. Láti ọjọ́ náà, iṣu òun ò dín mọ́.

Fúnmi ní, "Ṣé bátìrì wà nínú rẹ̀ ni, sà?"

Ráfíù ní, "Bátìrì wo? Ṣé olè máa dúró yẹ bátìrì wò ni?"

Kòkòrò kan ti fi amọ̀ kọ́lé sí ojú kámẹ́rà náà. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kì í ṣe ojú rẹ̀ la fẹ́ lò. Nígbà tí Ráfíù gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀, ó ní òun rántí ìkómọ náà, ó rántí ìyá ọmọ náà, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tijú kámẹ́rà. Ó ní òun á bá wa lọ, kámẹ́rà òun kì í sun ìta láìsí òun. Ó gbé igi kan dúró sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta náà, ó tún fi ọ̀rá bò ó, kí ìlú má baà mọ̀ pé ọlọ́pàá ti rìnrìn àjò.

A padà dé ilé mi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kọ̀ǹpútà Fúnmi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù dára ju tèmi lọ, ó tinrin bí abẹ, ṣùgbọ́n ihò tí wáyà àtijọ́ ń wọ̀ kò sí lára rẹ̀. Ó wà lára láàpútọ́ọ̀pù mi. Spíkà láàpútọ́ọ̀pù náà ti kú, ti kámẹ́rà Ráfíù náà ti kú, kò sì sí èyí tí a lè gbọ́ ohùn látinú rẹ̀. A fi wáyà iná kámẹ́rà tèmi tan ti Ráfíù, a kọ́kọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní nǹkan nínú dán an wò, kámẹ́rà náà kùn, ó yí. Ráfíù ṣe bísímílà, ó fi kásẹ́ẹ̀tì èéfín sí i.

Àwòrán náà jáde ní kedere. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó mọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á. Ilé wọn ní Ìwàrò nìyẹn, àwọn àgbà nìyẹn lórí ẹní, oyin àti ataare nínú abọ́. Ṣadé ń na ìka sí wọn, "Bàbá mi nìyẹn. Ẹ wo irun bàbá mi." A jẹ́ kó máa fà á wọ láàpútọ́ọ̀pù, kò sẹ́ni tó mira. Nígbà tó parí, Ráfíù ní kí òun dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ni kámẹ́rà bá dún gíì, ó jẹ tẹ́ẹ̀pù náà, ó gé e mọ́nú. Kámẹ́rà náà ò tún tàn mọ́. Ohun gbogbo tó kù láyé nípa ohùn ìyá Ṣadé ti wà nínú fáìlì kan ṣoṣo.

A gba ṣọ́ọ̀bù Fúnmi lọ, torí ibẹ̀ ni spíkà wà. Ó gbé fáìlì náà sínú sọ́fítíwíà rẹ̀. Àwòrán wọlé. Níbi tó yẹ kí ohùn wà, kò sí nǹkan kan. A tẹ̀ ẹ́, ẹnu àwọn èèyàn ń lọ sókè sódò, kò sí ohùn. Fúnmi yẹ spíkà wò, ó yẹ wáyà wò, ó tún gbé e wọlé. Kò sí ohùn.

Ṣadé ní, "Ṣé kò gbà á sílẹ̀ ni?" Ó dìde, ó ní òun fẹ́ gba afẹ́fẹ́, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo Ráfíù, Ráfíù ń wo ilẹ̀. N ò mọ ohun tó kàn mọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Fúnmi.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ibi tí kèrègbè náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Fúnmi ní ká ní sùúrù. Ó fi sọ́fítíwíà kékeré kan tí wọ́n fi ń wo fíìmù ṣí fáìlì náà, kì í ṣe ti ẹ́dítìn. Àwòrán náà ń ta gẹ̀gẹ̀, ó ń dúró, ó ń lọ, ṣùgbọ́n láti abẹ́ rẹ̀ ni a ti gbọ́ gbù-gbù-gbù. Ráfíù fò dìde, ó ní, "Jẹnẹrétọ̀ mi nìyẹn." Bí èèyàn ṣe ń dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀ ló ṣe dá a mọ̀.

Fúnmi pa á lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ló dé, kó jẹ́ ká máa gbọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá, jẹnẹrétọ̀ náà bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, òun gbọ́dọ̀ fà á sínú ẹ́dítìn kí òun tó lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí òun gbé ohùn ìyá sókè. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láàpútọ́ọ̀pù mi di àwòrán àti ohùn pọ̀ sínú ẹrù kan ṣoṣo. Sọ́fítíwíà tòun ń retí ẹrù méjì, àwòrán lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀. Ó gba ẹrù kan, ó pè é ní àwòrán, kò tú inú rẹ̀ wò. Mo ní, "Ìwọ wá bá wa tú u." Inú mi ń dùn lábẹ́lẹ̀ bí ìgbà tí mo tú rédíò bàbá mi.

Ó tú u. Ó ṣe fáìlì mìíràn, ó ya ohùn sọ́tọ̀, ó gbé e padà. Níbi tí kò sí nǹkan tẹ́lẹ̀, ìlà ohùn náà yọ jáde, ó ga, ó rẹlẹ̀, bí òkè Ọ̀kà tí a ń wò láti ọ̀nà jíjìn. Ó rẹ jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ pe Ṣadé wọlé.

A wò ó. Àwọn àgbà ń sọ ọmọ ní orúkọ tiwọn, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń ṣàlàyé. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ní kí ìyá ọmọ wá, kámẹ́rà ò tẹ̀ lé ìyá náà. Ojú ẹni ńlá kan ló ń wò, tó ń jẹ obì. Ráfíù ní, "Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, àwọn ẹni ńlá la ń wò." Apá ìyá náà nìkan la rí létí àwòrán, àti orí ọmọ ọwọ́ tó sùn mọ́ ọn láyà. Ṣadé sún mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ó lè yọjú wo ìyókù.

Ohùn náà wá dé. Ohùn ọmọdébìnrin ni. Ìyá náà kò tíì dàgbà tó Ṣadé lọ́jọ́ yẹn. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó ń tijú àwọn tó ń wò ó. Ó sọ nǹkan kan ní èdè rẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ohùn tí a fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ létí. Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ náà. Ẹ má bi mí pé kí ni, ẹnu tèmi náà ò gbé e, kì í sì í ṣe tèmi láti sọ.

Ṣadé yọ̀ kúrò lórí àga. A rò pé àárẹ̀ ni, Fúnmi na ọwọ́ láti gbé e. Kì í ṣe àárẹ̀. Ó wà lórí eékún rẹ̀ méjèèjì, pẹ̀lú oyún yẹn, ó tẹrí ba síwájú kọ̀ǹpútà, bí a ti kọ́ gbogbo wa pé kí ọmọ ṣe nígbà tí ìyá rẹ̀ bá pè é.

Ó ní, "Mà."

Ohùn náà tún pè é, ó sì tún dáhùn.